Àjàní Ló Gbá A Wọlé

"Gbé ìwo sẹ́nu, Ìbídùn! Kọ́nà ni!"

Alàgbà Oyèwùsì, alága ẹgbẹ́ Ẹ̀fúùfù Ìgbòho, ló pariwo bẹ́ẹ̀ láti ìdí àkàbà, ṣùgbọ́n ìwo irin náà ti wà lẹ́nu Ìbídùn, olùpè tó ń kéde ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé, kí bàbá náà tó la ẹnu. Lókè orí ọmọbìnrin náà, lórí òpó tó ga ju gbogbo ilé ìlú lọ, Olùgbọ́, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ohùn olùpè, rọ̀ dirodiro bí igbá dúdú tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, iná pupa kan ń ṣẹ́jú ní ìdí rẹ̀. Iná pupa ni pé mò ń gbọ́, n kò tíì gbà. Bó bá di àwọ̀ ewé, ohun tí olùpè pè ti di òdodo nìyẹn, kò sí agbẹjọ́rò tó lè yí i padà.

Wọ́n gbá kọ́nà náà. Mùfútáù Àlàó, balógun ẹgbẹ́, fò sókè láàárín àwọn ará Àgọ́-Àrẹ, ó fi orí kan bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù sì gba òkè àwọ̀n kọjá lọ. Gbogbo pápá mí kanlẹ̀ bí ẹṣin tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìbídùn mú ìwo kúrò lẹ́nu.

"Orí kọ́ ni wọ́n fi ń gbá irú ìyẹn," ni ohùn kan wí nísàlẹ̀. "Àjàní ì bá jẹ́ kó balẹ̀ ná, kó wá fi òsì kó o. Mùfútáù! Máa jẹ́ kó balẹ̀! Ọmọ yìí ò ní sùúrù rárá."

Ìyá Àgbà ni, ìyá tó bí ìyá Ìbídùn. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀ lẹ́sẹ̀ àkàbà níbi tó ti ń jókòó láti ọjọ́ pípẹ́, ó gbé igbá òrí kékeré lé itan, ó fi aṣọ funfun bò ó. Òrí ẹsẹ̀ Àjàní ni. Bí eré bá parí, wọn a máa fi pa ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kí iṣan má baà fà á.

"Ṣé wọn ò tíì jẹ́ kó wọlé ni?" ni ó tún bèèrè. "Ìkà ni kóòṣì yìí. Wọ́n tún ti fi í jókòó."

"Ẹ jẹ́ ká máa wò ó, Ìyá," ni Ìbídùn fèsì.

Alàgbà Oyèwùsì yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àjàní tí ìyá náà ń bèèrè ti wà nínú ilẹ̀ kí wọ́n tó bí Ìbídùn.

Ní òpin pápá, pátákó tébù ń tàn. Orúkọ Ẹ̀fúùfù Ìgbòho ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ìràwọ̀ Ọ̀fà ló gùn ún lórí, póìntì méjì ni wọ́n sì fi jù wọ́n lọ. Ọ̀fà ti gbá tiwọn tán láàárọ̀, wọ́n ti lọ ilé, wọ́n ń gbàdúrà kí Ìgbòho ta òmì. Òmì kò sì ní ran Ìgbòho lọ́wọ́. Àfi kí wọ́n borí.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni ìsàlẹ̀, kó wo àna tí Bàbá Rájí, àgbà Ìgbòho kan, mú wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin pápá. Ará Ìpàpó ni. Jẹ́sì ẹgbẹ́ ìlú rẹ̀ ló wọ̀, ṣùgbọ́n ó yí inú rẹ̀ síta, kí ẹnikẹ́ni má baà rí orúkọ tó wà láyà rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, Ìpàpó ló wà nísàlẹ̀. Lónìí, pátákó tó ń fi oòrùn ṣe iná ló kún pápá wọn láti igun dé igun, Ilé Líìgì tó ń darí ìdíje sì ti yọ gbogbo ife tí wọ́n gbà kúrò nínú ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ará Ìpàpó bá pe orúkọ ẹgbẹ́ náà níbi tí Olùgbọ́ wà, iná kò ní kúrò ní pupa, wọn a sì mú un.

"Àna mi," ni Bàbá Rájí fi ń bá a dápàárá, "ẹ̀yin tiẹ̀ gba ife kan rí?"

"Wàá mú mi dé ẹ̀wọ̀n," ni ará Ìpàpó dáhùn, ó sì ń wo òkè òpó. "Ohun tí n kò ní, n kò ní. Ọmọ mi bi mí léèrè lánàá pé kí ni mò ń ṣe ní gbogbo Sátidé nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́. Mo ní mo ń sùn."

Bàbá Rájí fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kọ̀.

"Ẹ̀yin àgbà lẹ fà á," ni ọ̀dọ́mọdébìnrin kan tó wà lẹ́yìn wọn sọ. "Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ya àwòrán èké títí tí ayé fi dàrú?"

"Àwa kọ́, ọmọ mi," ni Bàbá Rájí dáhùn. "Gbogbo ayé ni. Ọ̀fà ní àwòrán tí wọ́n fi gba ife, àwa náà ní àwòrán tí a fi gba ife kan náà, lọ́jọ́ kan náà, lórí pápá kan náà. Tọmọdé tàgbà kò mọ èyí tó ṣẹlẹ̀ mọ́. Ìyẹn ni Ilé Líìgì fi ní àwọn kò gba ojú gbọ́ mọ́, ohùn ọ̀fun ààyè ni àwọn ń fẹ́. Wọn ò ṣìṣe níbẹ̀. Àwa la ṣì í."

Ibi tí Ìgbòho ti ṣì í kò ju ẹnu ẹnìkan lọ, ẹni náà ló sì jókòó sórí àpótí yẹn.

Àbẹ̀kẹ́ ni orúkọ Ìyá Àgbà nígbà tí ó wà lọ́mọge, òun sì ni olùpè ẹgbẹ́ láyé ìgbà tí Olùgbọ́ kò tíì dé, tó jẹ́ pé kí ènìyàn kàn gbọ́ ni wọ́n ṣe ń pè. Ọkọ rẹ̀, Àjàní Ẹlẹ́sẹ̀-Òsì, ló gbá góòlù tó gbé Ìgbòho wọ líìgì. Ó gbá a tán, ó yíjú sí ibi tí ìyàwó rẹ̀ wà, ó ṣubú, kò sì dìde mọ́. Nígbà tí wọ́n padà sórí pápá lẹ́yìn ìsìnkú, tí ẹlòmíràn gbá bọ́ọ̀lù wọlé, Àbẹ̀kẹ́ gbé ìwo sẹ́nu láti pe orúkọ onítọ̀hún, ó sì bá ara rẹ̀ tó ń kígbe pé Àjàní ni. Ẹni tó gbá a gan-an sá wá bá a, ó ní, "Òdodo lẹ sọ, Ìyàwó wa. Òun ni." Àwọn àgbà ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, yóò pè é bó ṣe yẹ. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn kò dé títí di òní. Ó di àṣà. Bí bọ́ọ̀lù bá wọlé, olùpè a bèèrè pé, "Ta ló gbá a wọlé?" Gbogbo pápá a dáhùn: "Àjàní ni!" "Níbo ló wà?" "Ó ń bẹ lórí pápá!" Ẹni tó gbá a a fi ọwọ́ òsì kan ilẹ̀. Bí olùpè kan bá dàgbà, a fún olùpè mìíràn ní ìwo. Orúkọ náà kò yí padà.

Olùgbọ́ àkọ́kọ́ kò mọ òkú yàtọ̀ sí alààyè. Ṣùgbọ́n ní àárín sáà yìí ni wọ́n gbé tuntun dé, tó lè padà sẹ́yìn lọ tẹ́tí sí gbogbo ohùn tí wọ́n ti pè rí. Ó gbọ́ ti Ìgbòho láàárọ̀ ọjọ́ kan, iná rẹ̀ kò sì kúrò ní pupa dòní. Òṣìṣẹ́ Ilé Líìgì kan tó ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Adélàjà wá jókòó pẹ̀lú wọn lábẹ́ igi máńgòrò. Kò mu omi.

"Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ má bínú. Ta ni Àjàní?"

"Àjàní Ẹlẹ́sẹ̀-Òsì!" ni Alàgbà Oyèwùsì wí. "Ṣé ẹnìkan wà tí kò mọ̀ ọ́n ni?"

"Ṣé ó wà láyé?"

"Rárá o. Ó ti kú tipẹ́."

"Ta ló wá gbá góòlù Sátidé tó kọjá?"

Àwọn àgbà wo ara wọn. "Àjàní ni."

Ọ̀gbẹ́ni Adélàjà fi ọwọ́ pa ojú. "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ yan ọ̀kan."

Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ní òun náà ní òkú nílé. Ṣùgbọ́n gbogbo góòlù tí wọ́n pè mọ́ òkú ní sáà yìí ni wọ́n yọ dànù, Ìgbòho tó wà ní ipò kẹfà sì já bọ́ sí ìsàlẹ̀ bí èso tí afẹ́fẹ́ lù. Láti ọjọ́ náà lọ, orúkọ kan ni, láti ẹnu kan, lẹ́ẹ̀kan. Bí olùpè bá pe alààyè tó gbá a, góòlù wọlé. Bó bá pe òkú, góòlù kò ṣẹlẹ̀. Wọn ò sì gbọdọ̀ pààrọ̀ olùpè, nítorí ohùn tí wọ́n fi han Olùgbọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà nìkan ni yóò gbà títí dópin. Ohùn Ìbídùn ni.

Láti ìgbà náà, bí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ ni Ẹ̀fúùfù rí. Wọn kò gbá góòlù kan mọ́. Àwọn kan ní ojú ń ti àwọn ọmọ náà láti gbá a.

Ìbídùn kì í ṣe ọmọ tó lè kí àlejò sókè. Inú ilé ni Ìyá Àgbà ti kọ́ ọ ní gbogbo ohun tó mọ̀, pẹ̀lú bí a ti ń gbé ohùn láti ìsàlẹ̀ ikùn. Lórí àkàbà nìkan ni ohùn rẹ̀ ti ń jáde, nítorí pé orúkọ bàbá àgbà rẹ̀ ló ń pè, orúkọ náà sì mọ ọ̀nà. Nígbà tí ìrántí Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í jò bí agbè tó sán, orúkọ yẹn nìkan ni kò jò dànù. Ó gbọ́ ọ lórí pápá, ó gbà pé ọkọ òun ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù. Bí wọ́n bá ti pe Àjàní, Ìyá Àgbà a sáré lọ sílé, a se àsáró, a bu sínú abọ́ ọkọ rẹ̀, a fi ìdérí bò ó, a lọ sùn. Lówùúrọ̀, a ṣí abọ́ náà, a sì gbọn orí. "Ó tún ṣẹ́ ẹ kù díẹ̀. Wọ́n ti lo ọkùnrin yìí jù."

Ní àárọ̀ òní, Alàgbà Oyèwùsì yà sílé wọn. Ó fa Ìbídùn sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Fi ìyá sílé lónìí. Ti ilẹ̀kùn. Ohun tí etí ò bá gbọ́, inú kì í bà jẹ́ sí i."

"Bàbá, ẹni tó dá orúkọ náà sílẹ̀, ẹ ní kí n lọ pa orúkọ náà lẹ́yìn rẹ̀ bí olè?"

"Bí o kò bá pa á, wọ́n á pa gbogbo wa pẹ̀lú rẹ̀. Ìwọ rò ó. Bí ẹgbẹ́ bá parẹ́, ta ni yóò tún pe Àjàní? Níbo?"

Ìbídùn wọlé lọ bá Ìyá Àgbà, ó ní oòrùn òní mú, kí wọ́n jókòó sílé. Ìyá náà wò ó bí ẹni tó bú u.

"Ta ni yóò wá pa òrí sí i lẹ́sẹ̀? Ìwọ? Ọwọ́ rẹ le bí páànù."

Báyìí ni wọ́n ṣe jọ wá.

Eré ti ń lọ sópin. Rẹfirí ti ń wo aago. Àwọn ará Àgọ́-Àrẹ ti ń ṣubú láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn wọ́n, àwọn ọmọ Ìgbòho sì ń bú wọn pé kí wọ́n gbé ẹní wá. Gólì Ìgbòho ju bọ́ọ̀lù síwájú. Ẹnìkan fi àyà gbà á, ó tì í sí apá òsì, bọ́ọ̀lù náà fò sókè níwájú Mùfútáù, ó rọ̀ sí déédé orí bíi ti àkọ́kọ́.

Mùfútáù kò fò.

Ó dúró. Gbogbo pápá rí i pé ó dúró. Ó jẹ́ kí bọ́ọ̀lù náà balẹ̀, ó jẹ́ kó ta lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà, òun tó jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ ọ̀tún láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ó fi òsì kó o. Gólì Àgọ́-Àrẹ kò tiẹ̀ mira. Àwọ̀n gbà á.

"Òun nìyẹn!" Ìyá Àgbà ti dìde, igbá òrí wà ní apá rẹ̀. "Mo ní ẹ jẹ́ kó balẹ̀! Òun nìyẹn! Àjàní mi! Pè é, Ìbídùn! Pè é!"

Gbogbo pápá dìde, wọn kò pariwo. Wọ́n ya ẹnu sílẹ̀, wọ́n ń wo orí àkàbà. Olùgbọ́ kì í dúró pẹ́. Ìbídùn rí Bàbá Rájí tó di irin mú, tó ń mi orí lọ́tùn-ún lósì, kò sì mọ̀ bóyá pè é ló ń wí tàbí má pè é. Ó rí ará Ìpàpó tó dì mọ́ àyà jẹ́sì rẹ̀ níbi tí orúkọ wà nínú. Ó rí Alàgbà Oyèwùsì tó kúnlẹ̀. Orúkọ bàbá àgbà rẹ̀ ti gun ọ̀fun rẹ̀ dé ìdí ahọ́n, ó ti mọ ọ̀nà, kò nílò ẹni tó máa tì í. Ìbídùn gbé e mì. Ó dùn ún bí ẹni gbé egungun ẹja mì.

"Mùfútáù Àlàó," ni ó pè.

Iná di àwọ̀ ewé.

Mùfútáù fúnra rẹ̀ tó ti ń bẹ̀rẹ̀ láti fi ọwọ́ òsì kan ilẹ̀ dúró ní ìdajì, ó yíjú sókè bí ẹni tí wọ́n pè láti ọ̀nà jíjìn. Láti kékeré tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún Ìgbòho, kò gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ nínú ìwo náà rí. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀dọ́ bú sáriwo, rẹfirí fọn fèrè, orúkọ Ẹ̀fúùfù gbéra nísàlẹ̀ tébù, ó gun orí Ọ̀fà, ènìyàn sì ya wọ inú pápá bí omi tó fọ́ ìsédò. Bàbá Rájí gbá àna rẹ̀ mọ́ra. Àwọn méjèèjì ń sunkún, kò sí ẹni tó lè sọ èyí tó ń sun ti ayọ̀.

Ìyá Àgbà ṣì dúró ní ojú kan.

"Ta ni wọ́n pè?" ni ó ń bi àwọn tó ń sáré kọjá. "Ẹ dákun, ta ni wọ́n pè? Ṣé wọ́n ti gbé e jáde ni? Ṣé ó fara pa?"

Ó bá gbé igbá òrí rẹ̀, ó rọra ń la àárín ijó kọjá, ó kọrí sí ojú àwọ̀n tí bọ́ọ̀lù wọ̀. Ìbídùn sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, ó ń tẹ̀ lé e, ìwo ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé kò rántí gbé e sílẹ̀.

Mùfútáù jókòó sílẹ̀ níwájú àwọ̀n, ó ti bọ́ bàtà. Nígbà tó rí wọn, ó fẹ́ dìde. Ìyá Àgbà fi ọwọ́ dá a jókòó.

"Òsì lo fi gbá a."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n jẹ́ kó balẹ̀, mà. Mo gbọ́ yín."

Ìyá náà wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wo ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ náà. Ó wò ó títí, bí ẹni tó ju nǹkan nù síbẹ̀ tó ń gbìyànjú láti rántí ohun tó jẹ́.

"Ibí yìí ló ṣubú sí," ni ó wí. "Ojú rẹ̀ kọ sí mi. Mo ti gbé ìwo sẹ́nu." Ó yíjú sẹ́yìn. "Ìbídùn."

"Mà."

"Àjàní ti kú, àbí kò kú?"

Ijó ń lọ lẹ́yìn wọn. Ìbídùn mọ irọ́ tó yẹ kí ó pa. Ó ti ń pa á ní gbogbo ọ̀sẹ̀ láti ìgbà tí ìrántí ìyá náà ti ń jò, kò le rárá. Ṣùgbọ́n ọ̀fun tó gbé orúkọ náà mì kò lè gbé irọ́ náà jáde mọ́.

"Ó ti kú, Ìyá."

Lókè òpó, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í léèrè, iná Olùgbọ́ tàn: àwọ̀ ewé.

Ìyá Àgbà kò wo òkè. Ó mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n jíṣẹ́ tó ti ń retí fún. Ó bẹ̀rẹ̀, ó jókòó sórí koríko, ó ṣí aṣọ funfun kúrò lójú igbá. Oòrùn ti yọ́ òrí náà di omi. Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó fa ẹsẹ̀ òsì Mùfútáù sórí itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa á láti gìgísẹ̀ lọ sókè. Balógun Ìgbòho fi apá bo ojú.

"Ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́, Ìyá. Wọn ò tíì bí mi."

"Mo sì ń se oúnjẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ọwọ́ ìyá náà dúró lórí ẹsẹ̀ ọmọkùnrin náà.

"Ta ló wá ń jẹ ẹ́?"

Ìbídùn kúnlẹ̀. Ohùn tó ti pe orúkọ fún gbogbo ìlú lẹ́ẹ̀kan kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun lọ.

"Èmi ni, Ìyá."

Ìyá Àgbà tún ti ìka bọ òrí, ó sì padà sídìí ẹsẹ̀ tó ń pa.

"Abájọ tó fi máa ń ṣẹ́kù," ni ó wí. "Àjàní kì í jẹ ẹ́ kù."